Káàdì Àjọ Ìyá Mi

Àpò aláwọ̀ ewé kan wà tí ìyá mi máa ń gbé kọ́ èjìká bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ilé wa ní Bẹyẹrúnká lọ sí Ọjà'ba láràárọ̀. Bíírò méjì, rọ́bà tí a fi ń di owó, ìwé pélébé kan àti ìdì káàdì ló máa ń wà nínú rẹ̀. Alájọ ni ìyá mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́lùbọ́, àwọn aláta, àwọn aránṣọ àti àwọn ìyá tó ń ta àgbo ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni kò wá sí ẹnu ọ̀nà wa rí láti sọ pé owó òun dín, àfi ní ọdún tí èmi ọmọ rẹ̀ ní kí n bá a tún iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ kò bá dá àjọ ojoojúmọ́ rí, báyìí ló ṣe ń lọ. Àpótí kéékèèké 31 ni wọ́n tẹ̀ sí ojú káàdì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Bí oníbàárà bá dá ₦500, alájọ yóò fi bíírò sàmì sí àpótí kan. Bí oṣù ọlọ́jọ́ 31 bá pé tí kò sì pa ọjọ́ kankan jẹ, ₦15,500 ló délẹ̀; owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, oníbàárà yóò sì kó ₦15,000 rẹ̀ lọ. Káàdì náà a máa jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ oníbàárà, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá mi, ojú àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi ń sàmì sí i. Gbogbo wa la mọ ìtàn alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó san fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi kò fẹ́ràn ìtàn náà. Ó ní orí ọkùnrin náà pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iyè rẹ̀ bá rá lọ́jọ́ kan, kí ni àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò nawọ́ mú?

Iṣẹ́ tèmi ni kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà àti fóònù. Ní ọdún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àwa mẹ́fà la wà nínú ikọ̀ kan ní ilé iṣẹ́ kékeré kan nínú ìlú Ìbàdàn. Èmi ni olórí ikọ̀ náà, èmi náà ni mo sì dàgbà jù. A máa ń fọ́nnu fún àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá pé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Agile là ń tẹ̀ lé, bí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ṣe ń tẹ̀ lé e.

Ìtàn ọ̀nà ìṣiṣẹ́ yìí kò gùn. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà a máa ṣe é bí ẹni ń kọ́ afárá. Wọn yóò ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò ti ara wọn mọ́lé fún ọdún kan tàbí ọdún méjì, ìgbà tí wọ́n bá jáde ni ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn yóò tó fojú kan ohun tó sanwó fún, yóò sì máa wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn ọkùnrin 17 tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sú pàdé ní Snowbird, ibi ìgbafẹ́ kan lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kúkurú kan. Ohun tí ìwé náà ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a ka ènìyàn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sí ju irinṣẹ́ lọ, kí a ka ohun tó ń ṣiṣẹ́ sí ju òkìtì ìwé lọ, kí a máa bá oníbàárà ṣiṣẹ́ pọ̀ ju kí a máa bá a fa ọ̀rọ̀ àdéhùn lọ, kí a sì lè yà nígbà tí ọ̀nà bá yà. Nínú àwọn ẹ̀ka ọ̀nà yìí, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Scrum, tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland ti gbé jáde ní 1995. Wọn a máa pín iṣẹ́ sí sáà kúkúrú tí kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Láràárọ̀, ikọ̀ yóò ṣe ìpàdé tí kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ọ̀pọ̀ a sì máa ṣe é lórí ìdúró kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Bí sáà bá parí, wọn yóò gbé ohun tí wọ́n ṣe kalẹ̀ kí ẹni tó ni ín wò ó, lẹ́yìn náà wọn yóò jókòó fúnra wọn, wọn yóò bi ara wọn léèrè ohun tó dára, ohun tó wọ́, àti ohun tó yẹ kí wọ́n yí padà.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo káàdì àjọ yóò rí i pé ìyá mi ti ń ṣe gbogbo èyí kí àwọn ará Snowbird tó pàdé. Ohun kékeré lójoojúmọ́, tí ojú méjèèjì rí. Oṣù kan, kí a ṣírò. Kí a gba káàdì tuntun. Ṣùgbọ́n n kò rí i bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mo rí ni obìnrin tó ti ń dàgbà, tó ń fi bíírò sàmì sí páálí nígbà tí fóònù kún ìgboro.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló ní kí a kọ áàpù tí àwọn alájọ yóò máa lò. Àwọn alájọ yóò máa kó owó ọjọ́ wọn fún ẹgbẹ́ náà nírọ̀lẹ́, áàpù yóò sì máa sọ iye tó jẹ́ ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan, bí áàpù kò bá ti pàṣẹ, kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi lọ forúkọ ìyá mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alájọ àkọ́kọ́ tí yóò dán an wò. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, “Ṣé ó dá ọ lójú?” Mo ní ó dá mi lójú.

Nínú àwa mẹ́fà, àgùnbánirọ̀ ni ẹni tó kéré jù, ọmọbìnrin ọdún 23 tí ìyá rẹ̀ àgbà ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Ó mọ ọjà náà ju gbogbo wa lọ, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń bá ìyá àgbà rẹ̀ ku èlùbọ́ bó bá ti ilé ìwé dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ìpàdé ìdúró wa, ó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ó dà bí ẹni pé àwọn ìyá wa lọ́jà, ẹlòmíràn nínú wọn a máa ní ju káàdì kan lọ.” Mo wo aago. Ó kù díẹ̀ kí ìṣẹ́jú 15 pé. Mo ní, “A ó wò ó.”

Ẹ̀yin náà mọ “A ó wò ó.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò fi ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú rí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí a sọ ọ́ fún kò sì gbọdọ̀ tún béèrè. Kò tún béèrè.

Òótọ́ pátápátá ni ohun tó sọ. Ìyá kan lè ní káàdì kan fún owó ilé ìwé ọmọ, òmíràn fún aṣọ ẹgbẹ́, òmíràn fún Iléyá, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀kan fọwọ́ kan èkejì. Bí ó ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu nìyẹn. Nínú áàpù tiwa, nọ́ńbà fóònù kan, ènìyàn kan, káàdì kan. Bí oníbàárà bá mú káàdì kejì wá, áàpù yóò da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ láìsọ ohunkóhun. Ẹ ó sì béèrè pé ṣebí Agile ní kí a máa fi iṣẹ́ hàn ní ìparí sáà? A ń fi í hàn. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì la ń fi í hàn akọ̀wé ẹgbẹ́ náà nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, a máa patẹ́wọ́ fún wa. Kò dá àjọ rí.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì kí Iléyá tó dé. Ìyá kan wà tó ń ta àgbo, ọ̀kan nínú àwọn tó ti wà pẹ̀lú ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Káàdì méjì ló ní: ọ̀kan fún owó ilé ìwé ọmọ ọmọ rẹ̀, èkejì fún owó tí yóò fi kún ti àwọn ọmọ rẹ̀ láti ra àgbò. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọdún, ó wá kó ti ilé ìwé. Ìyá mi rí i pé owó tí fóònù ń fi hàn pọ̀ ju èyí tó wà lójú káàdì lọ. Ó san iye tí káàdì sọ, áàpù sì kọ ọ́ sójú pé a ti sanwó, káàdì ti parí. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀, ó ní, “Owó tó wà lójú ẹ̀rọ yín yìí kò bá ti ọwọ́ mi mu o.” Mo wà nínú ìpàdé. Mo ní, “A ó wò ó, Màámi.”

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá alágbo padà wá fún owó àgbò rẹ̀. Ó fẹ́ẹ̀ tó ₦60,000. Ìyá mi tẹ fóònù, fóònù ní wọ́n ti san án tán láti ọjọ́ Ajé, ó fi déètì àti aago sí i. Ìyá mi mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, áàpù kò sì pàṣẹ. Ẹ rántí pé ọ̀sẹ̀ Iléyá ni, Ọjà'ba kún dẹ́nu. Àwọn tó dúró tì wọ́n gbọ́ pé ẹ̀rọ ní ìyá yìí ti gba owó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tó fẹ́ gba ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì í. Ìgbà tí ojú ti àgbàlagbà ní gbangba, ẹnu rẹ̀ ló kù fún un. Ó ní, “Ọgbọ̀n ọdún! Bí ọmọ rẹ ṣe wá kọ́ ọ láti máa jẹ owó ènìyàn nìyí?”

N kò sí níbẹ̀. Ẹlẹ́lùbọ́ kan ló pè mí.

Nígbà tí mo fi dé Bẹyẹrúnká nírọ̀lẹ́, ìyá mi ti fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo káàdì oṣù méjèèjì wà nínú rẹ̀, ó ti sàmì sí wọn lójoojúmọ́, káàdì àti áàpù papọ̀, kò sì sọ fún mi. Ó ṣírò ti ìyá alágbo, ó ka owó náà láti inú ohun tó fi pamọ́ fún ara rẹ̀, a sì jọ rìn lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn Bẹẹrẹ. Ìyá náà ka owó rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì da káàdì méjèèjì padà fún ìyá mi. Títí di òní, kò bá a dá àjọ mọ́. Wọ́n ń kí ara wọn lọ́jà o. Ó parí síbẹ̀.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, kò bá mi jà. N bá mọ̀ kó bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, “Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ jókòó ti ẹ̀rọ yìí láti ọjọ́ yìí wá. Ṣé kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tí ìyá rẹ̀ ń tajà ni?”

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọdún, a jókòó fún ìpàdé ìbojúwẹ̀yìn wa. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Norman Kerth, ẹni tó kọ ìwé lórí irú ìpàdé yìí ní 2001, ti fi òfin kan lélẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń kà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: pé ohun yòówù tí a bá rí, kí a gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká pẹ̀lú ohun tó mọ̀ lákòókò náà. Mo ka òfin náà sókè. Mo béèrè pé ta ló mọ̀ pé oníbàárà kan lè ní káàdì méjì. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo yí ojú sí ọmọbìnrin náà. Ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀ láìgbé orí sókè, ó fi ìka tọ́ ojú ìwé kan tó kọ déètì sí, ó wí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Mo sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní a ó wò ó.” Àwọn mẹ́rin yòókù ń wo ilẹ̀. Àwọn náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Òfin Kerth kò wúlò fún mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ní ohun tí mo nílò láti mọ̀, wọ́n gbé e wá bá mi, èmi ni n kò gbà á.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹ sì jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ibi tí mo ti wá. Àwọn jagunjagun ló tẹ ìlú wa dó, a kì í sì í jogún oyè Olúbàdàn láti ọ̀dọ̀ baba ẹni. Ìlà méjì ló wà, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun. Ẹni tó bá fẹ́ dé òkè yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, yóò sì máa gun àkàsọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, títí tí wọn yóò fi gbé e gun òkè Mápó lọ gba ọ̀pá àṣẹ. Mo fẹ́ràn ètò náà. Ó ti gba ìlú wa lọ́wọ́ ìjà oyè tó fọ́ àwọn ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà lábẹ́ rẹ̀ yóò máa rí àkàsọ̀ ní ibi gbogbo, títí dé inú yàrá tí àwa mẹ́fà ti ń kọ ètò fóònù. Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti ṣàkíyèsí pé àgbà ló sábà máa ń pa á, ìgbà tó bá sì ti sọ tirẹ̀ tán ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Mo mọ̀ pé lókè òkun, orúkọ lásán ni wọ́n máa ń pe olórí ikọ̀, mo sì rò pé bóyá “ẹ̀gbọ́n” yìí ló ń di ọ̀rọ̀ lọ́nà. Mo pàṣẹ pé láti ọjọ́ Ajé, kí gbogbo wọn máa pe orúkọ mi, kí wọ́n sì máa pè mí ní “ìwọ.” Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tó pè mí ní ohunkóhun. Bí wọ́n bá ń wá mi, wọn a wúkọ́. Ẹnì kan dúró sí ẹ̀yìn àga mi fún ìgbà pípẹ́ títí tí mo fi yíjú padà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo gba àṣẹ mi padà, ara sì tu gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ọ̀wọ̀ kọ́ ni àrùn tó ń ṣe wá.

Ẹ wo àwọn ará Japan, tí èdè wọn ní ọ̀nà ìbọ̀wọ̀fágbà tó lè dójú ti tiwa. Ní ilé iṣẹ́ mọ́tò Toyota, níbi tí àwọn elétò Agile ti yá ọ̀pọ̀ èrò lò, wọ́n ta okùn kan sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń to mọ́tò pọ̀. Òṣìṣẹ́ yòówù tó bá rí àbùkù, ì báà jẹ́ ẹni tó dé lánàá, yóò fa okùn náà, iná yóò tàn, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì wá wò ó. Bí wọn kò bá tètè yanjú rẹ̀, iṣẹ́ yóò dúró. Òṣìṣẹ́ náà kò ní láti la ẹnu sọ fún àgbà pé ó ṣìṣe. Okùn ló fà. Lọ́dọ̀ ìyá mi, káàdì ló ń ṣe iṣẹ́ okùn. Bí àmì kò bá bára mu, kò sí ẹni tó pe ẹnìkejì ní olè, káàdì méjì la gbé síra wọn.

Mo ròyìn gbogbo èyí fún ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi ń wá ohun tí yóò jẹ́ okùn tiwa. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, “Ọmọ yẹn kò lè sọ fún ọ pé o ṣìṣe. Rán an níṣẹ́.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi. Nínú ilé Yorùbá, ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ kò bàbá rẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá rán ọmọ kan náà sí aládùúgbò, tí aládùúgbò sì fi ọ̀rọ̀ líle ránṣẹ́ padà, ọmọ náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀bi rẹ̀ ni bí ó bá yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kò ní ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀. Àbọ̀ ló jẹ́. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí mò ń wá kiri láti ọjọ́ yìí, mo sì ti ń lò ó láti kékeré láìronú sí i.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni àgùnbánirọ̀ wa máa ń mú fóònù méjì lọ sí Ọjà'ba. Ìwọ̀nba ohun tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà, bó ti wù kó kéré tó, ni yóò gbé fún àwọn ìyá náà kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Èmi kì í bá a lọ. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ní ó dára, wọ́n fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òun ni wọ́n ń sọ òótọ́ fún, ọmọ ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, yóò dúró níwájú wa, yóò sì jẹ́ àbọ̀.

Ẹ bá gbọ́ irú àbọ̀ tó ń jẹ́! Wọ́n ní kí a yọ ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ tí a ń fi sọ iye owó wọn sí orí fóònù kúrò kíákíá, nítorí àwọn ọmọ àti ọkọ wọn ló máa ń bá wọn ka ìwé tó bá wọlé, àṣírí káàdì Iléyá sì ti tú ní ilé méjì. Wọ́n ní àwa kọ “yọ owó” sí ojú áàpù, bí ẹni pé apò ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ tọwọ́ bọ̀. Ẹni tó dá àjọ a máa kó àjọ ni. Wọ́n ní ta ló ń jẹ́ orúkọ bàbá tí a kọ sójú ibẹ̀, nígbà tí gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí ìyá ẹni báyìí tàbí ìyá ẹlẹ́ran ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní ọjọ́ òjò ọjà kì í tà, kí ẹ̀rọ má ṣe máa fi àwọ̀ pupa dẹ́rù bà wọ́n bí wọ́n bá pa ọjọ́ méjì jẹ tí wọ́n sì wá san mẹ́ta papọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Mo ti fẹ́ràn àwọ̀ pupa náà gan-an, èmi ni mo yàn án. Ó wò mí lójú kòrókòró, ó ní, “Wọ́n ní kí n sọ fún ẹni tó kun ún lọ́dà pé àwọn kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.”

Rẹ́rìn-ín ni gbogbo yàrá bú sí. A yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀, àwọn mẹ́rin yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹnu wọn, nítorí bí a bá ti ń gbọ́ àbọ̀ ọjà láìbínú, ẹni tó fẹ́ fi tirẹ̀ kún un yóò rí àyè. Mo sì ní láti sọ èyí: ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo fura pé ohun tó ní àwọn ìyá rán òun kò ti ẹnu ìyá kankan wá. Ìyá wo ní Ọjà'ba ló mọ̀ pé ètò ìwọlé wa kò ní ààbò tó? N kò bi í. A tún ètò ìwọlé náà ṣe.

Káàdì di méjì, ó di mẹ́ta, bí oníbàárà bá ṣe fẹ́. Ẹgbẹ́ náà da owó ìyá mi padà fún un. Ó ṣì ń lo áàpù náà, ó sì ṣì ń sàmì sí páálí lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, èmi kò sì bá a jiyàn mọ́.

Nígbà tí ọdún ìsìnlú àgùnbánirọ̀ wa ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí, mo bá a lọ sí ọjà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà. Lẹ́yìn náà a gun òkè Mápó. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀, àwọn òpó tí àwọn aládìrẹ máa ń yà sí ara aṣọ Ìbàdàndùn. Páànù dídípẹtà lọ salalu nísàlẹ̀, Bẹẹrẹ lọ́tùn-ún lọ́hùn-ún, ariwo Ọjà'ba ń bọ̀ wá sókè bí omi tó ń hó. Mo ní kó jẹ́ àbọ̀ ọjọ́ náà fún mi níbẹ̀. Ó jẹ́ ẹ. Kò pọ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀, ó yí okùn àpò rẹ̀ mọ́ ìka.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èyí tó kù kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni rán mi.”

Mo ní kó sọ ọ́.

Ó ní, “Ẹ ṣì ń sọ pé a ó wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kà á, ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ sì máa ń bá wa parí ọ̀rọ̀ kí àwa fúnra wa tó parí rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí ẹ bá wa parí kọ́ ni a fẹ́ sọ.”

Mo la ẹnu. Mo ti ní àlàyé tó dán mọ́rán lórí ahọ́n, nípa aago àti iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́. Ó dúró, ó ń wò mí bóyá n óò sọ ọ́. Mo pa ẹnu náà dé, mo ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ṣì ní púpọ̀ láti sọ. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn páànù kí a tó sọ̀ kalẹ̀.